Cádiz ní Sípéènì: Bí ẹ ṣe lè fẹsẹ̀ rin ìlú èbúté àtijọ́ yìí fúnra yín

Láyé àtijọ́, Cádiz ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi Sípéènì tó ń lọ sí Havana ní Cuba ti máa ń ṣí. Cuba yìí kan náà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ lẹ́rú, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí lọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí ìlú yìí tilẹ̀ jìnnà sí wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá.

Ẹni tó bá dé Cádiz lónìí kò nílò mọ́tò, kò sì pọn dandan kó sanwó fún afinimọ̀nà. Ìlú àtijọ́ náà kéré, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, òkun sì yí i ká lápá mẹ́ta. Tí ẹ bá ṣìnà, ẹ ṣáà máa rìn, kò ní pẹ́ tí ẹ máa já sétí omi. Ìrìn tí a tò sísàlẹ̀ yìí tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà. Tí ẹ bá ń rìn tí ẹ ń dúró wò, ọjọ́ kan tó o. Ẹni tí kò sì lè lọ, kó ṣí máàpù orí fóònù rẹ̀, kó máa bá wa rìn láti ilé.

Ìtàn ìlú náà ní ṣókí

Àwọn òpìtàn àtijọ́ sọ pé nǹkan bíi ọdún 1100 ṣáájú ìbí Jésù ni àwọn ará Foníṣíà láti ìlú Tírè tẹ Cádiz dó. Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí nínú ilẹ̀ kò dàgbà tó yẹn, ó wà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án ṣáájú ìbí Jésù. Síbẹ̀, Cádiz wà lára àwọn ìlú tó pẹ́ jù ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù. Gadir ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tí wọ́n mọ odi yí ká. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì á rántí Táṣíṣì tí Jónà fẹ́ sá lọ. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé agbègbè gúúsù Sípéènì yìí ni Táṣíṣì wà.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Róòmù dé, lẹ́yìn náà àwọn Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà, kí àwọn ọba Kristẹni tó gbà á. Columbus ṣíkọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́dún 1493 àti 1502. Lọ́dún 1596, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Dọ́ọ̀ṣì jó ìlú náà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ máa rí kò ṣáájú ìgbà yẹn. Owó ńlá dé lọ́dún 1717, nígbà tí ọba Sípéènì gbé iléeṣẹ́ tó ń bójú tó gbogbo òwò Amẹ́ríkà kúrò ní Seville wá sí Cádiz.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Rélùwéè láti Seville máa ń gbé yín dé Cádiz láàárín wákàtí kan àbọ̀ sí méjì, ẹnu ìlú àtijọ́ gan-an ló sì ń já èrò sí. Ẹni tó bá wà ní El Puerto de Santa María lódìkejì omi lè wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá, nǹkan bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Tí ẹ bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹ nílò físà Schengen.

Ẹ wọ bàtà tó rọlẹ̀, ẹ mú omi dání. Ẹ tún máa wo ilẹ̀, torí ìjọba ìlú náà ti fi ọ̀dà aláwọ̀ mẹ́rin fa ìlà sójú pópó. Ọ̀kan ń tọ àdúgbò àtijọ́, ọ̀kan ń tọ àwọn ilé odi, ọ̀kan ń tọ ilé àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà, ọ̀kan sì ń tọ ibi tí wọ́n ti ṣe ìwé òfin 1812. Àwọn ìlà náà lè ti ṣá níbòmíràn, ẹ má gbójú lé wọn nìkan.

1. Gbàgede San Juan de Dios

Láti ibùdó rélùwéè, ẹ kọjú sí ìlú, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ máa dé gbàgede yìí. Iwájú èbúté ló wà, òun sì ni àlejò tó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rí. Ilé ńlá tó wà lókèèrè rẹ̀ ni gbọ̀ngàn ìjọba ìlú. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé àtijọ́ dáadáa, ẹ máa rí ìkarahun nínú òkúta wọn. Etí òkun níbẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta yẹn. Ní igun òpópónà púpọ̀, ẹ tún máa rí àgbá ogun àtijọ́ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lóòró, kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ má baà fọ́ igun ilé.

2. El Pópulo àti gbọ̀ngàn ìṣeré àwọn ará Róòmù

Ẹ gba abẹ́ ẹnu-ọ̀nà olókùúta tí wọ́n ń pè ní Arco del Pópulo wọlé. Àdúgbò tó pẹ́ jù nínú ìlú náà lẹ wọ̀ yẹn. Mẹ́ta nínú ẹnu-ọ̀nà odi àtijọ́ ló ṣì dúró. Ọ̀nà ibẹ̀ há, tí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan ní láti yà fún èkejì.

Lọ́dún 1980 ni wọ́n rí gbọ̀ngàn ìṣeré àwọn ará Róòmù lábẹ́ àwọn ilé àdúgbò yìí. Ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jù ní Sípéènì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi ń sùn tí wọ́n ń jí lórí rẹ̀ láìmọ̀. Títí dòní, apá kan rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ilé onílé.

3. Kàtídírà

Ẹ jáde síwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí òrùlé rẹ̀ rí roboto, tó ń dán bíi wúrà. Ọdún 1722 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ọdún 1838 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹ wo ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ máa rí i pé òkúta rẹ̀ yí padà. Nígbà tí owó Amẹ́ríkà ń wọlé, òkúta olówó iyebíye ni wọ́n lò. Nígbà tí owó gbẹ, wọ́n fi èyí tó pọ́ọ́kú parí iṣẹ́. Manuel de Falla, olórin ńlá tí wọ́n bí sí ìlú yìí lọ́dún 1876, wà nínú ibojì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Ẹ̀yìn kàtídírà ni òpópónà etí òkun tí wọ́n ń pè ní Campo del Sur. Ilé aláwọ̀ oríṣiríṣi tò lọ bẹẹrẹ níwájú omi. Ẹni tó bá ti rí àwòrán etí òkun Havana rí á rò pé ibẹ̀ lòun wà.

4. Ọjà

Ẹ padà sínú ìlú, ẹ wá Mercado Central, ọjà tó ti wà láti ọdún 1838. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí ẹja ṣì tutù yọ̀yọ̀ lórí yìnyín. Oúnjẹ kan wà níbẹ̀ tí ọmọ Yorùbá kò ní ṣàjèjì sí: tortillitas de camarones. Wọ́n á po ìyẹ̀fun pẹ̀lú omi, wọ́n á da edé wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á sì dín in nínú òróró gbígbóná. Kì í ṣe àkàrà, ó fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ó sì máa ń ta kàkà lẹ́nu, àmọ́ ẹnu tó bá mọ àkàrà á mọyì rẹ̀.

5. Torre Tavira

Àwọn oníṣòwò ìlú náà máa ń kọ́ ilé ìṣọ́ sórí ilé wọn kí wọ́n lè fi awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn wo ọkọ̀ wọn lójú òkun. Ó ju ọgọ́rùn-ún lọ tó ṣì kù lónìí. Torre Tavira ló ga jù nínú ìlú àtijọ́, mítà 45 ló fi ga ju òkun lọ. Lọ́dún 1778, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣọ́ èbúté. Lókè rẹ̀, yàrá dúdú kan wà tí dígí àti awò ń gbé àwòrán ìta wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa rí àwọn tó ń rìn lójú títì àti aṣọ tí wọ́n sá sórí ilé, gbogbo rẹ̀ lórí àwo funfun kan. Èrò ibẹ̀ máa ń pọ̀, nítorí náà ẹ tètè gba tíkẹ́ẹ̀tì.

6. San Felipe Neri, ibi tí wọ́n ti ṣe òfin

Ṣọ́ọ̀ṣì yìí kò jìnnà sí Torre Tavira. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé gba púpọ̀ nínú Sípéènì, wọn kò rí Cádiz gbà. Ibẹ̀ ni àwọn aṣòfin sá sí, wọ́n sì gbé ìwé òfin jáde ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹta, ọdún 1812. Wọ́n ń pè é ní La Pepa, torí ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́ ló bọ́ sí. Ìwé òfin náà dín agbára ọba kù, ó fún àwọn èèyàn lómìnira láti tẹ èrò wọn jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n apá kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún àlejò. Lọ́dún 1811, aṣòfin méjì, Guridi y Alcocer láti Mẹ́síkò àti Argüelles láti Sípéènì, dábàá pé kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú. Àwọn olóko Cuba fárígá, wọ́n sì ti ọ̀rọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ìwé òfin jáde, kò dá ẹrú kankan sílẹ̀. Abala 22 rẹ̀ tún sọ pé ẹni tí ìran rẹ̀ bá ti Áfíríkà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ òmìnira, kò ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú àfi tí àwọn aṣòfin bá fún un nítorí iṣẹ́ rere rẹ̀. Tí ẹ bá dúró síwájú ilé yìí, ẹ rántí ìhà méjèèjì.

7. La Viña àti La Caleta

Ẹ kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, sí àdúgbò àwọn apẹja. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kọkànlá, ọdún 1755, ilẹ̀ mì, òkun sì ya wọ ìlú. Àwọn ará àdúgbò gbà pé òpópónà La Palma ni omi ti padà, nígbà tí wọ́n gbé ère Màríà jáde pàdé rẹ̀. Àdúgbò yìí náà ni gbòǹgbò kánífà Cádiz, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ti máa ń fi orin bú olóṣèlú. Franco fòfin dè é nígbà ìjọba rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́.

La Caleta ni etí òkun kékeré tó wà láàárín ilé odi méjì, Santa Catalina àti San Sebastián. Ọ̀nà olókùúta kan gba ojú omi lọ sí San Sebastián. Kódà bí wọ́n bá ti ilé odi náà, ẹ rin ọ̀nà yẹn ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn tó ń wọ̀ níbẹ̀ dùn ún wò. Àwọn tó ṣe fíìmù James Bond ti ọdún 2002, Die Another Day, ibí ni wọ́n lò gẹ́gẹ́ bíi Havana.

8. Etí omi títí dé Plaza de Mina

Ẹ tọ etí omi kọjá Parque Genovés àti Alameda Apodaca, níbi tí igi ńláńlá ti ṣíji bo ọ̀nà. Ẹ wá yà sí Plaza de Mina, ibi tí mùsíọ́mù ìlú wà. Pósí òkúta méjì ti ayé àwọn ará Foníṣíà wà níbẹ̀, ọ̀kan ti ọkùnrin, ọ̀kan ti obìnrin. Ti ọkùnrin ni wọ́n rí lọ́dún 1887. Awalẹ̀pìtàn kan, Pelayo Quintero, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá èkejì rẹ̀, ó kú láì rí i. Ọdún 1980 ni wọ́n tó rí ti obìnrin, lórí ilẹ̀ tí ilé Quintero fúnra rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

9. Plaza de España

Ibí la ó parí ìrìn sí, nítòsí èbúté. Ère ńlá tí wọ́n fi ṣèrántí ìwé òfin 1812 wà láàárín, àga òfìfo kan sì wà lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilé àwọn oníṣòwò tó ní ilé ìṣọ́ márùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń pín irú ilé bẹ́ẹ̀ nìyí: ẹrù nísàlẹ̀, ọ́fíìsì lókè rẹ̀, ìdílé olówó lókè ìyẹn, ìránṣẹ́ àti ẹrú lókè pátápátá.

Owó wo ló kọ́ wọn? Fàdákà, kòkó àti ṣúgà wà ńbẹ̀. Òwò èèyàn náà wà ńbẹ̀. Lọ́dún 1765, àwọn oníṣòwò Cádiz dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tó gba àṣẹ ọba láti máa kó ọmọ Áfíríkà lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíà. Sípéènì bá Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún 1817 pé òwò náà máa dópin lọ́dún 1820, àmọ́ wọ́n ń ṣe é lábẹ́lẹ̀ sí Cuba títí wọ inú àwọn ọdún 1860. Àkókò yẹn gan-an ni ogun ń jà nílẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ìṣubú Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Cuba.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó yẹ kí ẹ mọ̀

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì ní ọ̀sán, láti bíi aago méjì sí márùn-ún. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ìjọba máa ń tì, ọjọ́ Àìkú sì ni ti ọjà. Oṣù Keje àti Kẹjọ gbóná, èrò sì pọ̀. Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹwàá ló rọrùn jù fún ẹlẹ́sẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Levante máa ń fẹ́ kíkankíkan. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gba àárín ìlú, àwọn ọ̀nà tóóró yẹn á dáàbò bò yín.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ dúró díẹ̀ síwájú omi èbúté. Nínú àwọn tí òwò ibẹ̀ gbé kọjá òkun, ọ̀pọ̀ ni kò padà wálé mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ní Cuba ṣì ń ki Ṣàngó àti Yemọja ní èdè tó bá tiwa tan. Ire o.