Ibà tí kò ní oògùn: ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn dókítà ní Bangkok

Ní ọdún 1958, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn wá sí àwọn ilé-ìwòsàn Bangkok, olú-ìlú Thailand, nítorí ibà kan tó le. Ara ọmọ á gbóná fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á tutù. Ìyá ọmọ á dúpẹ́, àṣé ìgbà yẹn gan-an ni ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ á tutù nini, ìfúnpá rẹ̀ á wálẹ̀, ọmọ á sì dákẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n dá dúró sí ilé-ìwòsàn lọ́dún náà, bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló kú.

Dengue ni. Ẹ̀fọn Aedes aegypti, tó máa ń jẹni lójú ọ̀sán, tó sì fẹ́ràn omi inú àmù àti táyà àlòkù, ló ń gbé e kiri. Àrùn náà ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ò kọ́kọ́ máa ń ròyìn rẹ̀ bí àrùn apọmọdé. Manila ní Philippines ti rí irú rẹ̀ ṣáájú, ní ọdún 1954. Ibẹ̀ ni William Hammon, ọmọ Amẹ́ríkà, ti rí oríṣi fáírọ́ọ̀sì dengue méjì sí i ní ọdún 1956, tí gbogbo wọn fi di mẹ́rin. Kò sí oògùn tó ń pa èyíkéyìí nínú wọn nígbà náà, kò sì tíì sí títí di bí a ṣe ń kọ èyí. Síbẹ̀, kí ọ̀rúndún ogún tó parí, àwọn tó ń kú ní Thailand kò tó ẹyọ kan mọ́ nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Ẹ̀kọ́ ló ṣe é, ẹ̀kọ́ tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì kọ́ létí ibùsùn aláìsàn.

Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún àrùn náà ṣi àwọn dókítà lọ́nà. Wọ́n pè é ní ibà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ni ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀. Scott Halstead, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Bangkok láti ọdún 1961, àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ Cohen, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1966 tó fi hàn pé ibòmíràn ni ìjàngbọ̀n wà. Òpó ẹ̀jẹ̀ ọmọ ló ń jò. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ń yọ́ gba ara òpó jáde lọ sínú ikùn àti àyà, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa sì ń ṣẹ́kù sínú òpó. Ẹ̀jẹ̀ á wá ki, gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ tó pẹ́ jù lórí iná ṣe ń ki.

Ibi tí PCV ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn nílẹ̀ wa mọ PCV: wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá tín-ín-rín, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i, wọ́n á wo ìwọ̀n tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, kí ó má wálẹ̀ ni àdúrà. Bó bá gòkè, inú ẹbí á dùn. Nínú dengue, bó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí dókítà tètè dìde ni, torí omi ti ń jò nìyẹn.

Suchitra Nimmannitya, dókítà àwọn ọmọdé ní ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé ti Bangkok, ló sọ èyí di ohun tí a lè fi kọ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó ti àwọn ọmọ wọ̀nyí. Jíjò náà kì í ju bíi wákàtí mẹ́rìnlélógún sí méjìdínláàádọ́ta lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, omi á padà sínú òpó fúnra rẹ̀. Dókítà tó bá fún ọmọ ní omi tó kéré jù, ọmọ á kú. Èyí tó bá sì ń da dírípù sí i lára láìdúró, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ti inú ara bá padà dé, ọmọ á tún kú. Nítorí náà wákàtí ni wọ́n ń kà. Ó pín bí àrùn náà ṣe le sí ìpele mẹ́rin, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbà á wọ ìlànà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1975.

Ìwé nìkan kò tó. Ilé-ìwòsàn yẹn, tí wọ́n wá sọ ní orúkọ Ayaba Sirikit, di ibi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn fún ìtọ́jú dengue, àwọn dókítà láti ilẹ̀ mìíràn sì ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Siripen Kalayanarooj àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn láti mọ wákàtí tí jíjò bẹ̀rẹ̀, láti mọ ẹni tó lè lọ sílé àti ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ, láti má ṣe fún ọmọ ní aspirin, láti wọn ìtọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ̀ wíwọ̀n yìí, nọ́ọ̀sì ló ń ṣe é, a ò sì rí i kí wọ́n dárúkọ wọn tó bó ṣe yẹ nínú ìtàn yìí.

Sri Lanka wà lára àwọn tó ránṣẹ́ sí Bangkok. Ní ọdún 2009, ó lé ní 35,000 ènìyàn tí dengue mú níbẹ̀, 346 sì kú. Àwọn dókítà wọn lọ kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n padà, wọ́n ṣe ìlànà fún orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2010, wọ́n sì ya wọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ fún àwọn tí òpó ẹ̀jẹ̀ wọn ń jò. Ẹ̀fọn kò gbọ́. Ní ọdún 2017 àrùn náà mú 186,101, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìtàn wọn títí di ìgbà náà. Àwọn tó kú jẹ́ bíi 440. Ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú ní 2009. Ní 2017, kò tó mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹnì kan lè jiyàn pé àyẹ̀wò tó pọ̀ sí i jẹ́ kí wọ́n ka àwọn tí àìsàn wọn kò le, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní bí wọ́n ṣe ń kú ní 2009 ni wọ́n ṣe kú ní 2017, òkú ì bá lé ní 1,800.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa bí a ṣe rò. Láàárín ọdún 1964 sí 1968, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ti Yunifásítì Ìbàdàn ń rí dengue nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà mú níbẹ̀. Carey, Causey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 1971. Láti ìgbà náà wá, bí ara bá gbóná nílẹ̀ wa, ibà ẹ̀fọn alẹ́ ni gbogbo ẹnu ń pè é, oògùn ibà sì ni kẹ́míìsì ń tà fún wa. Bí ara bá tutù ní ọjọ́ kẹrin, a ó ní oògùn ti ṣiṣẹ́, a ó sì gbé aláìsàn lọ sílé.