Èdè Adití Kì í Ṣe ti Adití Nìkan

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti adití, òótọ́ pọ́ńbélé ni: ojú ló fi ń gbọ́, ọwọ́ ló fi ń sọ.

Ní ọdún 1880, àwọn olùkọ́ adití ṣe ìpàdé ńlá ní Milan, ní Ítálì. Wọ́n pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí wọ́n máa fi kọ́ adití, kí wọ́n pa èdè ọwọ́ tì. Ẹni tó mú ọ̀nà mìíràn wá bá wa ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tí àìsàn sọ di adití ní ọmọ ọdún 11. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ó tún dé Abidjan, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò fi ṣe ilé. Èdè adití ti Amẹ́ríkà ló fi ń kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n inú ilé-ẹ̀kọ́ adití nìkan ni èdè náà dúró sí. Bí ọmọ bá délé, ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní pírámárì kẹta, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí kò gbọ́ràn. A mọ bí a ṣe ń júwe bọ́ọ̀lù àti oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n a kò mọ bí a ṣe ń bi í pé, "Kí ló dé?" Kí táàmù tó parí, kò wá mọ́.

Ọ̀ràn náà ní àtúnṣe. Ní Adamorobe, abúlé kan ní Ghana, adití ti pọ̀ láti ìrandíran. Wọ́n ti ní èdè ọwọ́ tiwọn kí Foster tó dé, àtadití àtẹni tó ń gbọ́ràn ló sì ń sọ ọ́.

Ọmọ Èjìgbò tó bá lọ sí Abidjan ní kékeré kì í pẹ́ gbọ́ Faransé. Ta ni yóò wá sọ pé kò lè gbọ́ èdè ọwọ́? Kí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ fi wákàtí kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ ní pírámárì: ìkíni, oǹkà àti ìbéèrè ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí adití sì jẹ́ olùkọ́. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọmọ ṣeré. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bá a ṣeré, bí wọ́n bá gbọ́ èdè rẹ̀.