Bí Fáìlì Ìkọ́ Ètò Ṣe Di Ohun Tí Ojú Lè Kà

Ní oṣù kẹrin ọdún 1976, ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, Stuart Feldman kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó sọ ní Make. Ìbínú ló bí i. Steve Johnson, ẹni tó kọ ètò Yacc, ló wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wá tó ń ṣépè. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló fi ń wá àṣìṣe nínú ètò tí kò ní àṣìṣe mọ́: ó ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò rántí tún fáìlì náà tú sí èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ ti jẹ Feldman náà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ló kọ Make, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè máa mọ fáìlì tó ti yí padà àti èyí tó yẹ kó tún kọ́.

Nínú Makefile, fáìlì tí Make ń kà, ìlà kan máa ń dárúkọ ohun tí a fẹ́ kọ́ àti ohun tó gbára lé. Àwọn àṣẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, táàbù ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ìlà àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá fi àlàfo mẹ́jọ sí i dípò táàbù, ojú kò ní rí ìyàtọ̀, àmọ́ Make yóò kọ̀ jálẹ̀. Feldman ṣàlàyé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ohun èlò kan tó ń jẹ́ Lex, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ó lọ́jú pọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, òun bá ṣe èyí tó rọrùn, ìyẹn táàbù. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, bí ènìyàn méjìlá ti ń lò ó, ọ̀rẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, kò sì fẹ́ da iṣẹ́ wọn rú. Nítorí ènìyàn méjìlá! Ní 2010, GNU Make ẹ̀dà 3.82 gbà kí òǹlò fi àmì mìíràn rọ́pò táàbù, ṣùgbọ́n àṣà ti rinlẹ̀.

Makefile náà ló wà ní ìdí iṣẹ́ Debian, ètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993. Inú àpò-fáìlì tó ń jẹ́ debian ni fáìlì rules, tó ń darí kíkọ́ ìdìpọ̀, wà, Makefile sì ni. Joey Hess ṣe debhelper láti dín wàhálà àwọn tó ń di ètò kù. Àwọn àṣẹ kéékèèké ni, iṣẹ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: dh_installdocs ń kó ìwé àlàyé sí àyè rẹ̀, dh_compress ń fún fáìlì pọ̀, dh_fixperms ń tún àṣẹ ìwọlé ṣe, dh_builddeb ń di ẹrù. Ó yé ẹni tó ń kà á. Ṣùgbọ́n ìlà kan náà ni gbogbo àwọn tó ń di ètò ń dà kọ, ìlà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ sì máa ń sá pamọ́ sáàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ìlà yẹn gan-an ni ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò ń wá. Debhelper ẹ̀dà 7, ní 2008, mú àṣẹ dh wá, èyí tó ti mọ ètò-ìtẹ̀léra gbogbo àwọn àṣẹ kéékèèké náà. Fáìlì rules bá di ìlà mẹ́ta:

#!/usr/bin/make -f
%:
	dh $@

Ohun tó bá yàtọ̀ nìkan ni ènìyàn ń kọ kún un.

Fáìlì control, tó wà nínú àpò-fáìlì debian kan náà, ní ìṣòro tirẹ̀. Build-Depends inú rẹ̀ ló ń to orúkọ àwọn ohun tí kíkọ́ ètò náà nílò. Bí wọ́n bá tò ó sórí ìlà gígùn kan, orúkọ kan péré tí a bá fi kún un yóò mú kí gbogbo ìlà náà hàn bí èyí tó yí padà. Wrap-and-sort, tó wà nínú àkójọ irinṣẹ́ devscripts, lè fi orúkọ kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, kó tò wọ́n ní ìlànà ábídí, kó sì fi kọ́mà sí ìparí èyí tó kẹ́yìn pàápàá, kí àfikún tuntun má baà kan ìlà tó ṣáájú rẹ̀.

Debian kò sọ lílo wrap-and-sort di dandan. Ọwọ́ olùtọ́jú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà. Àwọn ará Nix, ètò ìdìpọ̀ mìíràn, gba ọ̀nà mìíràn: ní 2024 wọ́n fẹnu kò sórí ìlànà kan ṣoṣo, wọ́n sì fi títo fáìlì lé nixfmt lọ́wọ́.