Òfin Tú Wọn Sílẹ̀, Owó Tún Dè Wọ́n: Ìfẹ́ àti Iṣẹ́ nínú Sinimá 'Fox' ti Fassbinder

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní owó ní kò sí òun nílé, kí ẹnikẹ́ni má dá àbá kankan lẹ́yìn òun. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti gbà bí ó bá jẹ́ ti ilé kíkọ́ tàbí òwò ṣíṣe. Èyí tí ó ṣòro ni láti mọ ibi tí ó yẹ kí agbára owó dúró sí. Ǹjẹ́ a lè fi owó ra ẹni tí yóò bá ni gbé? Bí a bá rà á, ta ni ó tà, ta ni ó rà, ta ni ó sì jẹ gbèsè nígbẹ̀yìn? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni Rainer Werner Fassbinder, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé kalẹ̀ nínú sinimá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1975, tí a ń pè ní 'Faustrecht der Freiheit'. Àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n sí 'Fox and His Friends'. Ní èdè Jámánì, 'Faustrecht' ni ẹ̀tọ́ tí ènìyàn fi ẹ̀ṣẹ́ gbà níbi tí òfin kò sí. 'Freiheit' ni òmìnira. Àkọlé náà ń tọ́ka sí òmìnira tí ó jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ le jù ni ó ń jẹ ẹ́.

Ìtàn ìfẹ́ láàrin ọkùnrin méjì ni sinimá yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwàásù lé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí. Ohun tí ó ń wádìí ni bí iṣẹ́, ipò àti owó ṣe ń wọ inú ìfẹ́ láìkan ilẹ̀kùn. Kí ó tó lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìgbà tí a ṣe é.

Òfin àti Àsìkò

Ní ọdún 1871, nígbà tí àwọn ilẹ̀ Jámánì para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan, a kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn, ní abala 175, pé ọ̀ràn ìjìyà ni kí ọkùnrin bá ọkùnrin lò pọ̀. Ìjọba Hitler mú òfin náà le sí i ní ọdún 1935. Ogun parí ní 1945, Hitler kú, ṣùgbọ́n òfin tí ìjọba rẹ̀ mú le kò bá a kú. Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ń lò ó bí ó ti wà títí di ọdún 1969. Láàrin ọdún 1949 sí 1969, nǹkan bí 50,000 ọkùnrin ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi lábẹ́ òfin yìí.

Ní 1969, a dẹ okùn náà díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 21, tí wọ́n sì fìmọ̀ ṣọ̀kan, bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n a fi ohun kan sílẹ̀: ọkùnrin tí ó bá gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin nítorí ìbálòpọ̀ ṣì jẹ́ arúfin. Àtúnṣe ti ọdún 1973 ni ó pa èyí rẹ́, tí ó sì sọ ọjọ́ orí náà di 18. Ọdún 1994 ni a tó yọ abala 175 kúrò pátápátá, nígbà tí ó sì di ọdún 2017, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fagi lé ìdájọ́ tí a ti ṣe lẹ́yìn ogun fún àwọn tí òfin náà mú.

Ọdún méjì péré ni ó wà láàrin àtúnṣe 1973 àti ìjáde sinimá yìí. Ṣáájú èyí, ní 1971, Rosa von Praunheim ti ṣe sinimá kan tí ó ta àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jí, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá. Ohùn ìgbà náà ni pé kí wọ́n jáde, kí wọ́n má bẹ̀rù mọ́. Fassbinder kò jiyàn pé òfin ti tú wọn sílẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni ẹni tí yóò jẹ èrè ìtúsílẹ̀ náà.

Olùdarí náà àti Ọ̀nà Iṣẹ́ Rẹ̀

A bí Fassbinder ní 1945, ó sì kú ní ìlú Munich ní 1982, nígbà tí ó di ẹni ọdún 37. Láàrin nǹkan bí ọdún 13, ó ṣe sinimá àti eré orí tẹlifíṣàn tí wọ́n tó nǹkan bí 40. Kì í ṣe pé owó kún ọwọ́ rẹ̀. Ní 1962, àwọn ọ̀dọ́ 26 tí ń ṣe sinimá ti kéde ní ìlú Oberhausen pé ọ̀nà àtijọ́ ti kú, pé àwọn yóò dá tiwọn sílẹ̀. Owó kékeré àti ìrànwọ́ ìjọba tàbí ti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ni àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn fi ń ṣiṣẹ́. Fassbinder mú àwọn òṣèré tí wọ́n ti jọ ń ṣe tíátà ní Munich wọ inú sinimá, ó sì kọ́ láti máa yára. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi ya 'Angst essen Seele auf', tí ó gbayì ní Cannes ní 1974. Nínú 'Fox', òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe olórí ẹ̀dá-ìtàn. Karlheinz Böhm, tí àwọn òǹwòran Jámánì ti mọ̀ bí ọba aládé nínú àwọn sinimá 'Sissi' ti ọdún 1955 sí 1957, ni ó ṣe Max, ẹni tí ń ta àga àtijọ́. Kò sí òǹwòran àgbà tí kò ní rántí adé yẹn bí ó bá rí i tí ó ń ṣòwò.

Orúkọ tí olórí ẹ̀dá-ìtàn náà ń jẹ́, Franz Biberkopf, ní ìtàn tirẹ̀. Inú ìwé 'Berlin Alexanderplatz' ti Alfred Döblin, tí ó jáde ní 1929, ni ó ti wá. Ọkùnrin tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé ni Biberkopf inú ìwé náà. Ó pinnu láti máa hùwà rere, àwọn tí ó fọkàn tán sì já a kulẹ̀. Fassbinder sọ ìwé náà di eré tẹlifíṣàn alápá 14 ní 1980. Ẹni tí ó bá ka Döblin yóò ti máa fura sí ibi tí ọ̀rọ̀ Fox ń lọ kí Fox tó lanu.

Ìtàn Inú Sinimá Náà

Ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní àgọ́ àwọn tí ń fi idán àti eré dá èrò lára yá. Franz, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Fox, ni a ń fi han èrò bí orí tí kò ní ara, tí ó sì ń sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá wá mú Klaus, ọ̀gá àgọ́ náà, tí ó tún jẹ́ olólùfẹ́ Fox. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe nítorí ìfẹ́ wọn ni ọlọ́pàá ṣe wá. Ọ̀ràn owó orí ni. Àgọ́ túká, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Fox. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó dúró níbi tí àwọn ọkùnrin olówó ti ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣeré fún owó. Ibẹ̀ ni Max ti rí i.

Fox ní ìgbàgbọ́ kan: lọ́tẹ̀ yìí, òun yóò jẹ tẹ́tẹ́ lọ́tìrì. Kò ní owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó fi ẹ̀tàn gba máàkì 10 lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń ta òdòdó, ó sì sáré lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí àyè tó bọ́. Ó jẹ 500,000 máàkì.

Nílé Max ni Fox ti pàdé Eugen, ọmọ ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti ìdìwé. Èdè Fox àti aṣọ rẹ̀ kọ́kọ́ rí Eugen lára. Ìgbà tí ó gbọ́ nípa lọ́tìrì ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi Philip, tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra, sílẹ̀, ó fà mọ́ Fox. Fox gbà pé ìfẹ́ ni.

Láti ibẹ̀, a lè máa ka ọ̀nà tí owó gbà jáde. Ilé iṣẹ́ bàbá Eugen fẹ́ kógbá sílé. Fox yá wọn ní 100,000 máàkì, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí kò yé e. Eugen fẹ́ ilé tí ó bá ipò rẹ̀ mu. Fox ni ó ra ilé náà. Ilé kò lè wà lófìfo. Ṣọ́ọ̀bù Max ni a ti ra àga àtijọ́ sínú rẹ̀. Fox kò gbọdọ̀ máa wọ jákẹ́ẹ̀tì tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́yìn kiri. Ṣọ́ọ̀bù Philip ni a ti ra aṣọ tuntun fún un. Owó náà ń ti ọwọ́ ọ̀rẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ ọ̀rẹ́ kejì. Ọwọ́ Fox nìkan ni kò padà sí. Ní ìdí tábìlì àwọn òbí Eugen, wọ́n mọ irú ẹni tí Fox jẹ́ sí ọmọ wọn, èyí kò sì bí wọn nínú. Bí ó ṣe ń jẹun ni ó ń dójú tì wọ́n.

Àwọn méjèèjì rìnrìn àjò lọ sí Marrakesh ní ilẹ̀ Mòrókò. Wọ́n pàdé ọkùnrin ará ibẹ̀ kan, wọ́n fẹ́ mú un wọ òtẹ́ẹ̀lì wọn, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ nítorí pé Lárúbáwá ni. Ọmọ onílẹ̀ di ẹni tí a lé lẹ́nu ọ̀nà nílẹ̀ baba rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi yé ni pé bí Fox ti kéré lójú Eugen, ẹlòmíràn tún wà tí ó kéré jù ú lọ lójú àwọn olówó.

Ta Ni Ó Tà, Ta Ni Ó Rà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti hàn jù ni ilé ìtẹ̀wé náà. Fox ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó béèrè owó tí ó yá wọn, Eugen ṣàlàyé fún un pé a ti san án tán: owó tí ó ń gbà lóṣooṣù, tí ó rò pé owó iṣẹ́ òun ni, ni owó rẹ̀ tí a ń dá padà díẹ̀díẹ̀. Ilé náà pàápàá ti di ti Eugen nínú ìwé. Nígbà tí Fox padà délé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn mọ́, Philip sì ti padà sínú ilé.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àdéhùn yìí yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè fi í wé ètò ìwọ̀fà láyé àtijọ́. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ni ó ń sin olówó, tàbí kí ó fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sìn ín. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé. Ojú owó ṣì wà nílẹ̀ títí a ó fi san án. Ètò náà nira, ṣùgbọ́n gbogbo ará ilé ni ó mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè àti ẹni tí a jẹ. Ti Fox yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ó ni owó ni a sọ di ìwọ̀fà, tí a sì fi òógùn rẹ̀ san gbèsè tí a jẹ ẹ́. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu.

Nígbà tí Fox ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó pàdé níta, iye náà hàn sí tọ̀tún tòsì. Bí wọ́n bá túká, kò sí ẹni tí ó jẹ ẹnì kan ní ohunkóhun. Ìgbà tí a bo iye náà mọ́lẹ̀, tí a sì pè é ní ìfẹ́, ni ó di ohun tí kò lópin. Nínú gbogbo ẹ̀dá-ìtàn wọ̀nyí, Eugen ni a san owó tí ó pọ̀ jù fún nítorí àti báni gbé. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó fi orúkọ iṣẹ́ yẹn pè é, nítorí pé ó mọ bí a ti ń di fọ́ọ̀kì mú.

Fassbinder kò sọ Fox di ẹni mímọ́. Fox rẹ́ ọlọ́jà òdòdó jẹ, ó ń fọ́nnu, òun náà sì gbà gbọ́ pé owó lè ra àyè fún òun láàrin àwọn tí kò fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Eugen kì í ṣe ìkà tí kò ní ìdí: ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ń wó lọ, ó sì ń wá igi tí yóò fi tì í. Ẹ̀rù ipò tí ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń tì í ṣe ohun tí ó ṣe.

Iyàn tí Sinimá Náà Dá Sílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí i. Ní ọdún 1976, Andrew Britton kọ̀wé ta kò ó nínú ìwé ìròyìn 'Gay Left' ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tirẹ̀, àwòrán tí sinimá náà fi hàn nípa irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yóò fi igi lé ọ̀tá wọn lọ́wọ́. Ẹ̀sùn yìí wúwo, nítorí pé àwọn tí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nílò ẹni tí yóò sọ rere nípa wọn. Ìdáhùn tí a lè rí nínú sinimá náà fúnra rẹ̀ ni pé ohun tí Eugen ṣe kò ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ńlá ti ṣe fún ìyàwó olówó tí kò ní orúkọ. Láti fi ìwà yẹn hàn láàrin àwọn ọkùnrin méjì jẹ́ láti gbà pé ènìyàn bí ẹlòmíràn ni wọ́n, nínú rere àti nínú búburú.

Ohun kan tún wà. Fassbinder ya sinimá náà sọ́tọ̀ fún Armin àti gbogbo àwọn yòókù. Armin Meier, olólùfẹ́ rẹ̀ nígbà náà, jẹ́ ọmọ tálákà tí ó ti ṣiṣẹ́ apẹran. Nínú ayé wọn, Fassbinder ni ó ní owó àti òkìkí. Nínú sinimá, ó gbé aṣọ tálákà wọ ara rẹ̀. Meier kú ní ọdún 1978, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti pínyà. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní lè wo Eugen bí ẹni tí Fassbinder ń bá wí láti òkèèrè.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ìparí sinimá náà, Fox dùbúlẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Munich, ó ti gbé oògùn oorun jẹ, ó sì ti kú. Àwọn ọmọdékùnrin méjì ń tú àpò rẹ̀. Max àti Klaus ń kọjá. Wọ́n rí i, wọ́n dá a mọ̀, wọ́n sì yára kúrò kí ọ̀rọ̀ má baà kàn wọ́n. Ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ọlọ́pàá ni irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ìbá máa sá fún. Ní 1975, òfin kò lé wọn mọ́. Ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń sá fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè lórí iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ so ohun méjèèjì pọ̀: òfin ọdún 1969 àti 1973 tí ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, àti ìwé àdéhùn tí Fox fọwọ́ sí láìyé e.