Ibo Ni Ká Gbé Rédíétọ̀ Sí? Ìtàn Omi Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àwọn tó ń ta géèmù ló kọ́kọ́ fi omi mú kọ̀ǹpútà tutù. Rárá o. Nígbà tí IBM bẹ̀rẹ̀ sí í gbé System/360 Model 91 fún àwọn oníbàárà ní 1967, omi ti wà nínú ètò rẹ̀. Ní 1980, wọ́n kéde 3081: wọ́n kó ṣíìpù tó lé ní 100 pọ̀ sójú kan, wọ́n sì gbé irin tí omi tútù ń gba inú rẹ̀ kọjá lé wọn lórí.

Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń béèrè ibi tí rédíétọ̀ máa wà nínú àpótí. Ẹ̀rọ kan lè gba odidi yàrá, páìpù á sì gbé ooru rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ amúǹkantutù tó wà fún ilé náà.

Láàárín ọdún 1990 sí 2000, ṣíìpù CMOS tí kì í jẹ iná púpọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ti àtijọ́, fáànù sì tó wọn. Àmọ́ ooru tún padà dé. Ní 2004, Apple gbé Power Mac G5 onítútù olómi jáde: pọ́ǹpù, páìpù àti rédíétọ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí kan ṣoṣo. Àwọn kan nínú wọn jò, omi náà sì ba inú ẹ̀rọ jẹ́.

Bí rédíétọ̀ ṣe di aládùúgbò CPU nìyẹn, tí ibi tí a gbé e sí sì di ọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ kì í ṣàìsí nínú páìpù, ibi tó ga jù ló sì máa ń sá lọ. Bí pọ́ǹpù bá ga ju rédíétọ̀ lọ, inú pọ́ǹpù ni afẹ́fẹ́ máa kó sí. Á máa pariwo, ó sì lè kú láìtọ́jọ́. Nítorí náà, ẹ má gbé e sísàlẹ̀ àpótí. Bí ẹ bá gbé e sókè, afẹ́fẹ́ tí káàdì àwòrán ti mú gbóná ló máa gbà. Bí ẹ bá gbé e síwájú, afẹ́fẹ́ tútù ni CPU máa rí, káàdì àwòrán ló máa gba èyí tó gbóná. Kí orí rẹ̀ ṣáà ga ju pọ́ǹpù lọ.

Omi kì í pa ooru, ṣe ló ń gbé e kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ooru náà máa gbà jáde.