Ta Ní Ń Bọ́ Ọmọ Òkété?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ la máa ń fi òwe yìí bá wí, pé kó má gbàgbé ìyá tó tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Ọmú kì í dédé sẹ̀: ẹni tó ń fúnni lọ́mú gbọ́dọ̀ jẹun, kó sùn, kó sì rí ẹni gbà á lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó fi ń wá jókòó ti abiyamọ. Àgbà òkété náà kò sì jókòó lásán, òun fúnra rẹ̀ ló ń mu. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni mo fẹ́ ká fi wo àwọn tó ń ṣarán àti àwọn ará ilé tó ń tọ́jú wọn.

Arán kì í ṣe ogbó lásán, àìsàn ọpọlọ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé mílíọ̀nù 57 ènìyàn ló ń bá a fínra ní 2021, ó sì ní ìwọ̀n wákàtí 5 lójúmọ́ ni ẹbí ń fi tọ́jú wọn, àwọn obìnrin ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí màmá kan bá ń sọ ohun tí kò lórí tí kò nídìí ládùúgbò wa, wọn a ní ó ń ka bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, wọn a pè é ní àjẹ́. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá láti 1907 kò jìnnà sí Fọlá Agoro, àdúgbò wa, àmọ́ “Yaba Left” ti di èébú lẹ́nu ará Èkó, ojú a sì máa ti ẹbí láti gba ibẹ̀ lọ.

Ìbàdàn ti fi ọ̀nà hàn wá. Ní 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàárín àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oṣúntókun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà, 1.35 ni arán ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Gbogbo ayé ló ń ka iye yìí. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀: wọ́n bi àgbà léèrè, wọ́n tún bi ẹni tó ń bá a gbé. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ètò ìrànlọ́wọ́ máa pe ẹni méjì.

Ní Lálúpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn, àwọn olùwádìí dán ètò kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá wò fún àwọn àgbà tó ń ṣarán. Ìpàdé 14 láàárín ọ̀sẹ̀ 7 ni ìlànà rẹ̀. Àwọn àgbà a jókòó papọ̀, wọn a sọ̀tàn ìgbà èwe, wọn a kọrin.

Ní Fọlá Agoro ńkọ́? Ẹni tó ń tọ́jú màmá lè ní ìsọ̀ lọ́jà. Bí a bá ní kó wá sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà láàárọ̀ Mọ́ńdè, kò ní wá. Owó oúnjẹ ọjọ́ náà ló ń lé. Ètò ni kó wá bá a, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, tàbí ní ọgbà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀. Kí àwọn àgbà wà ní yàrá kan, kí àwọn olùtọ́jú wà ní èkejì lákòókò kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ẹni tí yóò fi ìyá sí lọ́dọ̀. Bàbá tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ̀wé ní Ṣómólú lè gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ bí a ti ń ṣẹ́ bébà po kí etí rẹ̀ gún. Ẹ fún wọn ní bébà. Ní yàrá kejì, kí wọ́n kọ́ ọmọ pé bí màmá bá ní àwọn ń retí ọkọ àwọn tó ti kú, kó má bá wọn jiyàn. Kó bi wọ́n léèrè irú ènìyàn tí bàbá jẹ́. Kí owó ọkọ̀ sì wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ Márúwá ni màmá tí orúnkún ń dùn yóò bá wá, tòun tẹni tó mú wọn wá.