Àwọn Àgùdà Festac àti Amúwò: Ìtàn Ilẹ̀, Páìpù àti Ìdájọ́ Òdodo

Ilẹ̀ Àwórì ni Festac, ní Èkó. Kí kátápílà tó dé, àbàtà àti ẹsẹ̀ odò ló kún ibẹ̀, àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ló sì ń gbé Amúwò, Kuje àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ìjọba àpapọ̀ gba ilẹ̀ náà kí wọ́n lè kọ́ ilé tí àwọn àlejò FESTAC '77, ayẹyẹ àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé, yóò dé sí. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1977 ni ayẹyẹ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Dakar ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lọ́dún 1966; tiwa ni ìkejì. Àjọ FHA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973 fún ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ló mójú tó iṣẹ́ náà. Ilé tó lé ní 5,000 ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú òpópónà ńlá méje, iná, omi ẹ̀rọ àti páìpù tó ń gbé ẹ̀gbin gba abẹ́ ilẹ̀ lọ. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìbò ni wọ́n dì láti pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ará ìlú.

Ìlú tí wọ́n fi pẹ́ńsù àti rúlà yà ni Festac, àmọ́ àwọn tó yí i ká kò rí ẹni yà á fún wọn. Agboju, Abúlé Àdó, Kirikiri àti àwọn erékùṣù tó wà lódìkejì omi fúnra wọn ni wọ́n tò ó bí ó ṣe bá wọn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú àyíká bí ẹni pé igi gbígbìn nìkan ni, mo máa ń rántí pé ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, tí Festac wà nínú rẹ̀, ìbéèrè àyíká àkọ́kọ́ ni pé: ta ló ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ewu, ta ló sì gbé ewu náà síbẹ̀? Ìtàn ìjọ Àgùdà, ìyẹn Kátólíìkì, ní àgbègbè yìí, orí ìbéèrè yẹn ló dá lé.

Àgùdà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Padre Antonio, tó ti oko ẹrú Brazil padà dé, ló ń kó àwọn onígbàgbọ́ jọ fún àdúrà ní Èkó nígbà tí kò sí fádà kankan níbẹ̀. Ní 1863 ni Fádà Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA gba Dahomey wá wò wọ́n, ó sì bá ìjọ tí kò ní àlùfáà àmọ́ tí àdúrà kò kú níbẹ̀. Ọdún 1868 ni àwọn fádà wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1876, tí wọ́n dá oko sílẹ̀ ní Topo, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun nítòsí Àgbádárìgì. Àwọn ọmọ tí wọ́n kó síbẹ̀, títí kan àwọn tí wọ́n rà padà lọ́wọ́ olówó ẹrú, ń kàwé, wọ́n sì ń kọ́ṣẹ́ oko. Wọ́n gbin àgbọn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. N kò ní pọ́n Topo kọjá bó ṣe yẹ. Abúlé onígbàgbọ́ ni wọ́n fi ṣe, kí ọmọ má bàa padà sínú àṣà ilé rẹ̀, ìyẹn sì ní ẹ̀dùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé àwọn fádà wọ̀nyẹn rò pé ilẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ ọkàn. Ọmọ tí kò ní ẹbí, ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Topo, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni àwọn onílé tuntun ń tú ẹrù wọn sílẹ̀ ní Festac. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Àgùdà: Yorùbá, Ìgbò, ará Bendel ìgbà náà, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ojú omi Àpápá. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Olubunmi Okogie, tó gorí àlééfà ní 1973, ló wà ní Èkó nígbà náà. Bí páríìṣì Holy Family àti Church of the Visitation ṣe di ilé fún wọn, ìtàn àwọn àgbààgbà ìjọ ni; ẹ lọ bi wọ́n, wọn yóò sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Èyí tó kàn mí ni iṣẹ́ tó ń tẹ̀lé Mísà. Nínú páríìṣì kọ̀ọ̀kan ni ẹ ti máa bá ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1833. Àwọn ni wọ́n máa ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń béèrè ẹni tí kò rí owó ilé ìwòsàn, ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde, opó tí kò rí owó ilé ìwé ọmọ san. Wọn kì í pariwo rẹ̀.

JDPC, ìgbìmọ̀ ìjọ lórí ìdájọ́ òdodo, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà, ní tirẹ̀ kò lè ṣàì pariwo, nítorí iṣẹ́ ìdájọ́ òdodo kò ṣeé ṣe ní kọ̀rọ̀. Póòpù Paul Kẹfà ló dá ìgbìmọ̀ ìdájọ́ òdodo àti àlàáfíà sílẹ̀ ní Róòmù ní 1967, ọdún kan náà tó kọ Populorum Progressio, lẹ́tà rẹ̀ lórí ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka rẹ̀ ni a mọ̀ sí JDPC: wọ́n ń dá ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìbò àti ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n sì ń rán agbẹjọ́rò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ọgbà ẹ̀wọ̀n kò jìnnà. Kirikiri tí wọ́n kọ́ ní 1955 wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ yìí gan-an, púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi ohunkóhun. Wọ́n kàn ń dúró de ẹjọ́ ni. Ẹni tó bá ti wọlé síbẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti omi kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́: yàrá tó yẹ kó gba èèyàn díẹ̀ tí wọ́n wá kó èrò sí, àyíká ni ìyẹn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká dé orí páìpù. Atlas Cove ni wọ́n kọ́ kí àwọn ọkọ̀ ojú omi lè máa já epo sílẹ̀ síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni páìpù tí wọ́n ń pè ní System 2B ti gba abẹ́ ilẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kọjá lọ sí Mosimi nítòsí Ṣágámù, tó sì tún ń lọ títí dé Ìbàdàn àti Ìlọrin. Púpọ̀ nínú epo tí mọ́tò ti jó nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ló gbà kọjá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2006, páìpù tí wọ́n ti lu gbiná létí òkun ní Ìládò, lórí erékùṣù Atlas Creek, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100. Wọ́n pe àwọn tó kú ní olè epo, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí erékùṣù tí epo ń gbà kọjá kò fi rí epo rà.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2020 ló mú kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ọjọ́ Ìsinmi kẹta nínú Lẹ́ńtì ni. Ìhìnrere tó wà fún ọjọ́ náà nínú ìjọ Kátólíìkì ni ti obìnrin ará Samáríà tó wá pọnmi létí kànga. Ní bíi aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nǹkan bú gbàmù ní Ṣóba, Abúlé Àdó. NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló lọ kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ sí ilé iṣẹ́ gáàsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà páìpù, pé ìbúgbàmù yẹn ló wó ilé, tó sì ba páìpù jẹ́. Èèyàn tó lé ní 20 ló kú. Ilé tó wó kò ṣeé fi ọwọ́ kà.

Bethlehem Girls College wà níbẹ̀, ilé ìwé Kátólíìkì tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé inú rẹ̀. Sísítà Henrietta Alokha, ti ẹgbẹ́ àwọn Sísítà Sacred Heart, ni alákòóso rẹ̀. Ìròyìn ọjọ́ náà sọ pé àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé tó bíi 300. Ògiri ń ya, òrùlé ń já, iná ń bọ̀, Sísítà ń kó ọmọ jáde. Ó kó wọn jáde, ó padà wọlé lọ wá àwọn tó kù, ilé sì wó lù ú. Àwọn ọmọ yè, òun kò yè.

Ìjọba Èkó kéde àpò ìrànwọ́ ₦2 bílíọ̀nù, wọ́n sì fi igbákejì gómínà, Obafemi Hamzat, ṣe olórí ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù náà fi máa parí, Kòrónà ti dé, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ilé ìjọsìn sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀fọ̀ Abúlé Àdó kò rí àyè jókòó. Ó wà lára ìdí tí mo fi ń kọ èyí.

Wọ́n pe Sísítà ní akọni, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ bí a bá dúró síbẹ̀, a ti bá àwọn tó jẹ̀bi bo ẹ̀bi wọn mọ́lẹ̀. Ta ló gba ilé iṣẹ́ gáàsì láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù? Ta ló buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ àwọn tó kọ́lé sójú ọ̀nà rẹ̀? Ìbéèrè ìdájọ́ òdodo nìyẹn, òfin wa kò sì mú un rọrùn. Abala 20 nínú ìwé òfin 1999 pàṣẹ pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó. Orí Kejì ìwé òfin ló wà, abala 6 sì sọ pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí orí náà.

Ẹ wá wo bí ìtàn ṣe ń yí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí jù lórí Orí Kejì, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie ló pè é. Ní oṣù Kẹta 1980, ìjọba Lateef Jakande, gómínà Èkó nígbà náà, kọ̀wé pé òun yóò fòpin sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Okogie àti àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì jàre. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé Orí Kejì kò lè borí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìjọ dá ilé ìwé rẹ̀ sí, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà tí ẹjọ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ti di ògiri níwájú ẹni tó fẹ́ fi abala 20 pe ìjọba lẹ́jọ́. Ó di oṣù Keje 2018 kí fèrèsé kan tó ṣí, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pé ẹgbẹ́ ará ìlú lè pe NNPC lẹ́jọ́ lórí epo tó ya sínú odò ní Acha, ní ìpínlẹ̀ Abia. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò JDPC kò farasin: ọ̀nà ti là, ẹ gbà á.

Laudato Si' tí Póòpù Francis kọ ní oṣù Karùn-ún 2015 ló fún ọ̀rọ̀ yìí ní ìwé tirẹ̀. Ó so ìyà ilẹ̀ mọ́ ìyà tálákà, ó ní ọ̀kan ni wọ́n. Lọ́dún náà ló tún ya ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún àdúrà lórí ìtọ́jú ohun tí Ọlọ́run dá. Àkókò náà sì ń lọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ Francis Mímọ́ ti Assisi. Àdúrà náà dára, mo sì ń ṣe àmín sí i. Àmọ́ ẹ lọ wo ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí lọ́jọ́ ìkórè, nígbà tí wọ́n bá ti gba owó bàsá tán. Náílọ̀n píọ̀ wọ́tà yóò ti bo ilẹ̀, àwo ìgbé-oúnjẹ-lọ funfun yóò ti kún gọ́tà, bí òjò bá rọ̀ lálẹ́, gbogbo rẹ̀ á wọ́ dé kánààlì. Oṣù Kìíní 2024 ni ìjọba Èkó fòfin de àwo funfun yẹn. Ìjọ tó ń wàásù Laudato Si' kò yẹ kó dúró de agbófinró kó tó gbé abọ́ irin jáde fún ìrẹsì. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní abọ́ nílé. Kí wọ́n gbé e wá.

Ní 2027, Festac yóò pé 50 ọdún. Wọn yóò jó, wọn yóò lù, wọn yóò pe àwọn òṣèré. Ó yẹ kí orúkọ Sísítà Henrietta Alokha wà nínú ayẹyẹ náà, kó má jẹ́ lórí káàdì ìrántí nìkan. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀, FHA àti àwọn tó ni páìpù ni pé kí wọ́n fi àmì tó hàn gbangba sí ojú ọ̀nà páìpù láti etí omi títí dé ààlà Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, kí wọ́n sì kó gbogbo ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọdún náà tó dé. Páríìṣì kọ̀ọ̀kan lè yan èèyàn méjì tí yóò máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tó ń ka owó ọrẹ. Ìwọ tó ń ka èyí ní Abúlé Àdó, ní Satellite tàbí ní Agboju, bí o bá rí i tí wọ́n ń tò sílíńdà jọ sójú ọ̀nà páìpù, tàbí tí o bá ń gbọ́ òórùn epo nínú ilẹ̀, má tan iná, má sì ní sùúrù. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 àti 112.